Bóòtù Wo Ló Tọ́ sí Bíréèkì Ọkọ̀?

Bí awakọ̀ kan bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà sì dúró gbagidi níwájú rẹ̀, àyè tó kù fún un kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ọkọ̀ náà bá wúwo tó 1,500 kílò, agbára eré tó gbé dání lákòókò yẹn tó láti mú omi lítà méjì hó. Gbogbo agbára yẹn ni bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru kí ọkọ̀ tó dúró.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ bíréèkì, páàdì la kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. A ó dárúkọ dísìkì, a ó sì béèrè bóyá ojúlówó ni epo bíréèkì tí wọ́n rọ sí i. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó so kálípà, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, mọ́ ara ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bóòtù méjì péré ni fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí bóòtù wọ̀nyí bá já, tàbí tí wọ́n bá tú, kálípà yóò ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ó lè há mọ́ ríìmù, ó lè fa họ́ọ̀sì epo bíréèkì já, páàdì tuntun tí a ra lówó gọbọi kò sì ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onímọ́tò àti mẹkáníìkì mọ irú irin tó yẹ fún bóòtù bíréèkì. Àwọn kan gbà pé èyí tó ń dán ló dára jù. Àwọn mìíràn ní èyí tó le jù lọ ni kí a wá. Èmi kò gbà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì. Bóòtù tó tọ́ ni èyí tó lè fún irin méjì pọ̀ pinpin, tó lè fún wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí kò sì ní já lójijì.

Iṣẹ́ tí bóòtù ń ṣe gan-an

Ẹni tó bá rí bóòtù nínú ihò rẹ̀ lè rò pé ṣe ló dábùú ọ̀nà, pé ara rẹ̀ ló fi ń dá kálípà dúró. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ wo ìyá tó fi ọ̀já gbé ọmọ pọ̀n. Bí ó bá so ọ̀já náà le, ọmọ kò ní yọ̀ wá sílẹ̀ bí ìyá tilẹ̀ ń sáré. Bí ọ̀já bá dẹ̀, bó ti wù kí aṣọ náà nípọn tó, ọmọ yóò máa yọ̀ ni. Bí bóòtù ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá ń fi sípánà dè é, bóòtù ń nà. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ń nà, ó sì ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fífẹ́ tó ń fẹ́ padà yẹn ló ń fún bírákẹ́ẹ̀tì kálípà mọ́ irin ńlá tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró. Ìfúnmọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí irin méjèèjì yọ̀ lórí ara wọn nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Níwọ̀n ìgbà tí ìfúnmọ́ náà bá ṣì tó, ìdá kékeré nínú agbára bíréèkì ló ń dé ara bóòtù fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan, Gerhard Junker, fi ìdánwò hàn pé ohun tó ń tú bóòtù jù lọ ni kí irin méjì tó so pọ̀ máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ara wọn. Bí wọ́n bá ti ń yọ̀, bó ti wù kí yíyọ̀ náà kéré tó, bóòtù yóò máa yí padà fúnra rẹ̀ títí yóò fi tú. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ bóòtù wò lọ́nà yìí ń jẹ́ orúkọ Junker títí dòní. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló yẹ kó darí ẹni tó fẹ́ ra bóòtù bíréèkì: ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá bóòtù náà lè fún irin pọ̀ débi tí wọn kò fi ní yọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ọkọ̀ wa oní 1,500 kílò ni ká fi ṣe é. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gidigidi lórí títì gbígbẹ, agbára tó ń dá ọkọ̀ náà dúró máa ń súnmọ́ ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ká pè é ní 1,350 kílò. Lákòókò yẹn, ọkọ̀ a máa tẹ orí ba síwájú, ẹsẹ̀ méjì iwájú ló sì ń gba nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iṣẹ́ náà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ iwájú kan ń gba bíi 475 kílò níbi tí táyà ti kan ilẹ̀.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ yìí jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Páàdì kò ní àǹfààní yẹn: ibi tó ti di dísìkì mú kò ju nǹkan bí 11 sẹ̀ǹtímítà sí àárín lọ. Bí àyè bá kéré, agbára gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà agbára tó ń ti kálípà pé kó ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ á di bíi 1,300 kílò.

Irin gbígbẹ tí a fún mọ́ irin gbígbẹ lè kọ̀ láti yọ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí a fi fún wọn pọ̀. Kí kálípà tó lè dúró lójú kan, bóòtù méjèèjì gbọ́dọ̀ fi bíi 6,500 kílò fún un, èyí tó já sí 3,250 kílò fún bóòtù kan.

Ká wá mú bóòtù tó nípọn tó mílímítà 12, ká sì dè é dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù tí wọ́n ti fi dán an wò tí kò fi nà kọjá ààlà. Bí irin rẹ̀ bá jẹ́ ti bóòtù lásán tí wọ́n kọ 4.6 sí lórí (a ó ṣàlàyé irú nọ́ńbà yìí láìpẹ́), yóò fún un pẹ̀lú nǹkan bí 1,450 kílò. Bí ó bá jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì A2-70 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, yóò fún un pẹ̀lú bíi 2,900. Bí ó bá jẹ́ 8.8, bíi 3,750. Bí ó bá jẹ́ 10.9, bíi 5,300.

Ìnípọn wọn dọ́gba, gígùn wọn dọ́gba, sípánà kan náà lè dè wọ́n. Síbẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò dé 3,250 tí iṣẹ́ ń béèrè. 8.8 kọjá rẹ̀ díẹ̀, 10.9 sì kọjá rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni ẹ fi ń rí 8.8 tàbí 10.9 níbi kálípà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Iye yìí yóò yí padà láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà òfin tó dára jù ni pé kí a dá irú èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i padà, kí a má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láéláé.

Ẹ ka orí rẹ̀

Orí bóòtù ni ìwé rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá kọ 8.8 síbẹ̀, ẹ fi 10 sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ di púpọ̀: bóòtù náà yóò gba nǹkan bí 80 kílò lórí gbogbo mílímítà kan níbùú-lóòró ara rẹ̀ kó tó já. Nọ́ńbà kejì ń sọ ìdá mélòó nínú mẹ́wàá agbára yẹn ni yóò nà án débi tí kò ní lè padà mọ́. Fún 8.8, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni, ìyẹn bíi 64 kílò. Fún 10.9, yóò já ní bíi 100, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà ní bíi 90.

Lórí ọ̀pọ̀ bóòtù Toyota, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ ó rí, bíi 4 tàbí 7. Ohun kan náà ló ń sọ: 7 jẹ́ nǹkan bí 70 kílò lórí mílímítà kan níbùú-lóòró. Lórí bóòtù ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, ìlà ni wọ́n ń fà. Ìlà mẹ́ta súnmọ́ 8.8, ìlà mẹ́fà súnmọ́ 10.9. Bóòtù tí kò ní àmì kankan lórí kò sọ ohun tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kó dé ibi bíréèkì.

Ohun tó mú kí agbára wọn yàtọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Láti ṣe 8.8 àti 10.9, wọ́n á gbé irin sínú iná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á rì í bọ omi tàbí òróró kó le, wọ́n á sì tún gbé e padà sínú ooru tí kò tó ti àkọ́kọ́ kó má bàa gan débi tí yóò fi máa ṣẹ́. Líle yẹn àti ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a ń sanwó fún. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí wẹ́dà jó bóòtù bíréèkì tó ti já pọ̀: iná rẹ̀ yóò ba gbogbo iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sára irin náà jẹ́, bóòtù náà kò sì ní jẹ́ 10.9 mọ́ bí nọ́ńbà náà tilẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Èyí tó ń dán

Ó yé mi ìdí tí sítéńlẹ́ẹ̀sì fi ń wu ènìyàn. Ní Lẹ́kì, ní Badagry àti gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin. Bóòtù tó dípẹtà ń fún mẹkáníìkì ní wàhálà, orí rẹ̀ lè bó, ó sì lè já nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Ẹni tó bá ti jìyà yẹn rí yóò fẹ́ bóòtù tí kì í dípẹtà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí A2-70 ń sọ. Ní tòótọ́, yóò gba bíi 70 kílò lórí mílímítà kan níbùú-lóòró kó tó já, èyí tí kò jìnnà sí ti 8.8. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé láti bíi 45 kílò ló ti ń nà láìpadà. Bóòtù tó bá ti nà láìpadà, tí wọn kò sì ṣe é fún bẹ́ẹ̀, kò lè fún irin pọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá ń dè é, tíréèdì sítéńlẹ́ẹ̀sì a máa lẹ̀ mọ́ tíréèdì sítéńlẹ́ẹ̀sì mìíràn, wọn a jẹ ara wọn, títí wọn kò fi ní ṣeé dè tàbí tú mọ́. Bí ó bá sì kan kálípà alumínọ́ọ̀mù, tí omi oníyọ̀ wà láàárín wọn, alumínọ́ọ̀mù ni ìpẹtà yóò máa jẹ. Ẹni tó torí ìpẹtà orí bóòtù sọ ìfúnmọ́ kálípà nù ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Oríṣi sítéńlẹ́ẹ̀sì kan wà tó lágbára gan-an, tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ìdíje. Èyí tó wà nínú páálí lọ́jà wa pẹ̀lú A2-70 lórí kọ́ nìyẹn. Fún irin pẹlẹbẹ tó ń dènà eruku lẹ́yìn dísìkì, A2-70 dára, nítorí kò gbé ẹrù kankan.

Èyí tó le jù

Bí 10.9 bá dára ju 8.8 lọ, ṣé 12.9 kò ní dára ju gbogbo wọn lọ? Ìbéèrè tó yẹ kí olóye béèrè ni. Bí irin bá ti ń le sí i ni agbára rẹ̀ láti nà kó tó já ń dín kù. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún bóòtù béèrè pé kí irin 8.8 lè fi ìdá 12 nínú 100 gùn sí i kó tó já. Fún 10.9, ìdá 9 ni, fún 12.9, ìdá 8. Nínà yẹn ló ń jẹ́ kí bóòtù kìlọ̀ fún mẹkáníìkì kó tó já.

Ewu tó burú jù wà nínú hydrogen. Nígbà tí wọ́n bá fi ásíìdì fọ irin líle, tàbí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ síńkì mọ́ ọn lára, hydrogen lè wọ inú irin náà. Bóòtù náà yóò dára lójú. A ó dè é, yóò gba ìdè. Lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, yóò já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí irin bá ṣe le tó ni hydrogen ṣe ń bà á jẹ́ tó, 12.9 ló sì wà níwájú nínú ewu yìí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n de ọ̀pá irin líle 96 mọ́ abala tuntun afárá Bay Bridge ní San Francisco, Amẹ́ríkà. Síńkì ni wọ́n fi bo àwọn ọ̀pá náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, 32 nínú wọn já. Hydrogen ni àyẹ̀wò dá lẹ́bi. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lára afárá tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ẹ̀rọ ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí bóòtù tí ẹnì kan rì sínú ásíìdì nínú korobá kó lè funfun?

Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń gbé bóòtù líle tí wọ́n bá fi iná lẹ síńkì mọ́ sínú ààrò tó gbóná bí ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí mélòó kan, kí hydrogen lè jáde. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀lẹ́ síńkì kéékèèké tí kò nílò iná mànàmáná bò ó. Irú ìbora kejì yìí, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, kò dán, ṣùgbọ́n ó ń gbógun ti ìpẹtà dáadáa. Òun ni ìdáhùn sí ìṣòro àwọn ará etí òkun: irin 8.8 tàbí 10.9 nínú, ìbora tó tọ́ lóde.

Titanium fúyẹ́ ju irin lọ dé nǹkan bí ìdajì, àwọn eléré ìje mọ́tò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá fi agbára kan náà fà á, ó máa ń nà tó bíi ìlọ́po méjì ti irin, tíréèdì rẹ̀ náà sì máa ń jẹ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi rọ́pò irin gbọ́dọ̀ ṣírò gbogbo rẹ̀ ní àtúnṣe. Ọkọ̀ tí a fi ń lọ ọjà àti ibi iṣẹ́ kò nílò rẹ̀. Bóòtù alumínọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí ooru bíréèkì á tètè sọ ọ́ di aláìlágbára. Bákan náà ni nọ́ọ̀tù tó ní rọ́bà náílọ́ọ̀nù nínú: ó dára fún ibi tútù, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti kọjá bíi ìwọ̀n 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius, náílọ́ọ̀nù náà á rọ̀.

Bóòtù yòókù nínú ẹbí kan náà

Bóòtù tó so họ́ọ̀sì epo mọ́ kálípà ní ihò láàárín, epo ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí ihò yẹn, irin tó kù lára rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti dè é jù títí yóò fi já. Ojúlówó rẹ̀ nìkan ni kí a lò, pẹ̀lú wásà bàbà tuntun méjì nígbàkúùgbà tí a bá tú u. Wásà náà ń rọ̀ láti dí àyè tí epo lè gbà jò, èyí tó bá sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í tún rọ̀ bó ṣe yẹ mọ́.

Ọ̀pá tí kálípà fi ń rìn síwá-sẹ́yìn nílò gírísì bíréèkì tí kò ní í ba rọ́bà jẹ́. Gírísì lásán tí a fi ń pa bẹ́árìn yóò wú rọ́bà rẹ̀, kálípà yóò sì há. Bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí a ń de nọ́ọ̀tù ríìmù mọ́ náà jẹ́ irin líle. Bí ọ̀kan bá já, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn tó kù ti ń gbé ẹrù tiwọn pẹ̀lú tirẹ̀.

Bí a ṣe ń dè é

Irin tó dára jù lọ kò wúlò bí ọwọ́ tó dè é kò bá mọ ìwọ̀n. Nínú gbogbo agbára tí mẹkáníìkì fi yí sípánà, nǹkan bí ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ló ń na bóòtù. Ìyókù ń ṣòfò síbi tí orí bóòtù ti ń fara ha irin, àti sínú tíréèdì. Bí a bá wá fi ọ́ìlì pa tíréèdì tí ìwé ọkọ̀ ní kí a fi sílẹ̀ ní gbígbẹ, fífara ha yẹn dín kù, ọwọ́ kan náà yóò sì na bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ́ìlì tó bá wá ta sójú ibi tí bírákẹ́ẹ̀tì ti kan irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń ṣe òdìkejì: ó ń jẹ́ kí irin méjèèjì yọ̀.

Sípánà oníwọ̀n ni ìdáhùn, èyí tó máa ń dún nígbà tó bá dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Páìpù tí a kì bọ ẹ̀yìn sípánà kó lè gùn kò mọ iye kankan. Wásà tó ká bí sípíríǹgì kò sì lè rọ́pò ìwọ̀n tó tọ́, nítorí ó ti máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ tipẹ́tipẹ́ kí ìfúnmọ́ tí bíréèkì nílò tó dé. Àwọn bóòtù kan sì wà tí ilé iṣẹ́ ti fi gúlúù sára tíréèdì wọn, tàbí tí wọ́n ní kí a dè títí wọn yóò fi nà díẹ̀ láìpadà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń lo irú wọn.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Ní Ládipọ̀ ní Mushin, ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, ojúlówó wà, ayédèrú wà, tòkunbọ̀ sì wà láàárín wọn. Bóòtù tòkunbọ̀ lè dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe dè é rí. Kí ẹ tó rà á, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tuntun kí ẹ wo gígùn wọn. Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tù tuntun lórí tíréèdì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá há níbì kan, bóòtù náà ti nà, ẹ dá a padà. Ẹ wo àmì nọ́ńbà lórí, kí ẹ sì wá àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ 10.9 láìfi àmì ara rẹ̀ sí i kò fẹ́ kí ẹ wá òun.

Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ni mo ń bẹ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, agolo kan wà tí gbogbo bóòtù tó ṣẹ́kù ń lọ, inú agolo yẹn náà ni ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣà á nígbà tí ọ̀kan bá sọnù. Ẹ yọ bíréèkì kúrò nínú agolo yẹn. Kí ọmọ iṣẹ́ tó gba fíríídọ̀mù, kó lè mú bóòtù márùn-ún lọ́wọ́, kó ka orí wọn, kó sì sọ èyí tó lè dé ara kálípà àti ìdí rẹ̀. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà má sì ṣe kùn nígbà tí mẹkáníìkì bá ní kó san owó bóòtù tuntun mọ́ ti páàdì. Owó yẹn kéré sí owó páàdì fúnra rẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí páàdì rí ibi dúró ṣiṣẹ́ nígbà tí tírélà bá dúró níwájú.